Ọkọ̀ Tó Ń Dọ̀bálẹ̀

Ẹ́ńjìnnì tí Láṣebìkan yọ kúrò nínú ọkọ̀ mi,
ọmọkùnrin méjì ló gbé e, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.
Èyí tó fi rọ́pò rẹ̀, irin dúdú, onídísẹ́ẹ̀lì,
ẹ̀wọ̀n la fi fà á sókè, àjà ṣọ́ọ̀bù ń ké.
Gethin tó ni ṣọ́ọ̀bù, ará Merthyr, káwọ́ gbera,
ó wo imú ọkọ̀, kò sọ nǹkan kan.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.
Òkè tí mo máa ń fi jíà kejì gùn bí arúgbó,
mo gùn ún lọ́jọ́ náà, mo ń súfèé,
ọgọ́rin búrẹ́dì ń ta lẹ́yìn mi.

Àfìgbà tí mo dé kọ́nà òkè Dowlais.
Mo yí sítíárìn sósì.
Ọkọ̀ ní, "Mo gbọ́." Ó ń lọ síwájú.
Mo tún yí i. Ó ní, "Mo ní mo gbọ́."
Ògiri òkúta ń bọ̀. Àgùntàn mẹ́ta ń jẹko,
wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Bí mo bá tẹ bíréèkì, iwájú á dọ̀bálẹ̀ gbalaja,
ẹ̀yìn á nà sókè bí ìdí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo.
Iná tó máa ń wo ọ̀nà jíjìn,
ilẹ̀ ló ń wò báyìí, bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò.
Táyà iwájú jẹ kí oṣù tó pé.
Apá ń ro mí bí ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè.

Mo bá Láṣebìkan wí.
Ó ní, "Agbára lo bèèrè."
Òótọ́ ni. Mi ò bèèrè ọrùn tí yóò rù ú.

Ó fi sípíríǹgì tó ki sí iwájú,
ó gbé bátìrì lọ sẹ́yìn,
ó ní kí n so àpò yanrìn méjì mọ́ ìdí ọkọ̀.

Kò tíì rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́.
Kí n tó dé kọ́nà ni mo ti ń dẹ ẹsẹ̀,
kí n tó yà ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi pè láti Ìkirè lánàá:
kí ni mò ń fi yanrìn ṣe nínú ọkọ̀ búrẹ́dì?
Mo ní, "Ìyá mi, orí ọkọ̀ ló wúwo."
Ó ní, "Orí rere ni o."
Òjò ń rọ̀ lórí òkè. Mo ní àmín,
mo dẹ ẹsẹ̀.