Ìkarahun Idẹ

Ní Kafanchan, lẹ́yìn ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè,
níbi tí irin ojú ọ̀nà ti dógùn-ún,
bàbá ìyá mi, Ọdẹ́yalé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò padà sílé mọ́,
tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí tábìlì,
ó da ìkarahun ọta méjìlá sórí rẹ̀.
Wọ́n dún bí owó tí kò lè ra nǹkan mọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, ojú ń kán mi.
Mo rò pé ẹ̀tù la ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.
Àkísà ló nà sí mi, àti abọ́ omi ọṣẹ.
"Àyọ̀ká, nù ún. Títí o ó fi rí ojú ara rẹ níbẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi nu idẹ:
èéfín, ọ̀rá, eruku ọyẹ́ tí kò sí ihò tí kì í wọ̀.
Lọ́jọ́ kẹrin ó ń gbé wọn sún mọ́ fìtílà lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó ń yí wọn bí ẹni ń wo ẹyin bóyá ọmọ wà nínú rẹ̀.
Ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́rùn ìkeje, ìlà tí èmi ò rí,
ó fi píláyà tẹ̀ ẹ́ pa, ó jù ú sí garawa.
"Èyí ti ṣiṣẹ́ tó. A kì í fipá mú arúgbó relé ìyàwó."

Òṣùwọ̀n rẹ̀ kéré bí ti alágbẹ̀dẹ wúrà.
Ó ní kí n pa rédíò. Ó ní kí n ti fèrèsé,
pé atẹ́gùn orí òkè Kagoro mọ olè jà.
"Ẹni tó ń wọn ẹ̀tù kì í bá ènìyàn ṣàwàdà."
Mo wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ibi tó yẹ kí ọmọńdinrín wà.
Ó rí mi. "Zaria," ló wí,
"lọ́dún tí mo gbọ́n ju ìwé lọ."

Ìmàdò ló hú oko atalẹ̀ Yashim, ohun tó fà á nìyẹn.
Ìwé àṣẹ ìbọn wà lára ògiri, nínú férémù,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó; gíláàsì tirẹ̀ ló mọ́ jù.
Mẹ́wàá ni Bàbá máa ń kì lọ́dún.
Kì í jẹ́ kó pé mọ́kànlá.

Alẹ́ ọjọ́ kẹfà, ọkùnrin méjì gun ọ̀kadà wọlé.
Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí wa dáadáa,
èyí àbúrò ń fọwọ́ pa ajá wa lórí.
Wọ́n fi Hausa béèrè iye tí igba yóò jẹ́.
Wọ́n ní àwọn náà ní oko.
Bàbá ò béèrè ohun tí wọ́n gbìn.
"Ojú mi ti bàjẹ́," ló wí. "Ọmọ yìí ló ń bá mi kà á,
kò sì tíì mọ̀ kọjá mẹ́wàá."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ bàtà wọn.
A gbọ́ ọ̀kadà náà títí ó fi kọjá irin,
a ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́yìn tó ti lọ.

Bàbá gbé agolo ẹ̀tù jáde sí àgbàlá,
ó dà á sílẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń fún adìẹ lóúnjẹ,
ó ṣáná sí i.
Mo di etí. Kò bú.
Ó kàn jó, fìì,
ó fi gbogbo ojú bàbá náà hàn mí, ó sì ṣú.

Ìmàdò jẹ atalẹ̀ Yashim lọ́dún yẹn.
Yashim kò bá wa sọ̀rọ̀ títí òjò fi dé.

Gwagwalada ni mo wà báyìí, mò ń wọn oògùn ọmọdé
ní ilé ìwòsàn. Mo máa ń pa rédíò.
Ìkarahun kan ṣì kù lọ́wọ́ mi, kò ní nǹkan nínú.
Ọmọ mi a máa fẹnu fẹ́ ẹ,
a sì dún
bí rélùwéè tó ṣì jìnnà.