Alábàárù Iyọ̀

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán,
ṣùgbọ́n alẹ́ ni èmi ń lé e,
tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, bàtà òjò lẹ́sẹ̀,
lẹ́yìn gọ́tà ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà,
níbi tí omi ìfọṣọ àti omi òjò ti ń pàdé.
Márùn-ún fún Dókítà Akíntóbi.
Ó ní kí n má mú èyí tó dá lẹ́sẹ̀.

Tó bá di àárọ̀, awọ ikùn rẹ̀ nìkan ló kù,
fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà,
a nà án sáàárín ife méjì.
Omi iyọ̀ níhìn-ín, omi iyọ̀ lọ́hùn-ún,
ìwọ̀n kan náà, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.
Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi yẹ kó rìn.
Síbẹ̀ iyọ̀ gbéra,
láti òde bọ̀ sínú,
láti òde bọ̀ sínú,
abẹ́rẹ́ ojú ẹ̀rọ ń mì.
Ẹranko ti kú, awọ kò gbọ́.

“A kò tíì sọ fún un,” ni Dókítà wí, ó rẹ́rìn-ín.
Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Nítorí Gàníyù ẹ̀gbọ́n mi.
Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ru àpò iyọ̀ ní èbúté Àpápá,
láti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sẹ́yìn tírélà,
lórí pákó tó dagun. Kò sí àpò kan
tó dìde fúnra rẹ̀ tó gun pákó náà rí.
“Ohun tó bá ń gòkè,” ló máa ń wí,
bó ti ń fi ọṣẹ dúdú pa èjìká rẹ̀ tó bó,
“ẹnìkan ló gbé e. Ẹni náà sì ti jẹun.”

Awọ náà ń jẹun.
Bí a bá gba ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a rọ.
Bí a bá dá atẹ́gùn dúró, òun náà a dúró.
Lọ́jọ́ kan a kán oró ìtàkùn sí i,
irú èyí tí àwọn ọdẹ ń fi kun ẹnu ọfà,
ẹ̀kán kan péré:
abẹ́rẹ́ wálẹ̀, ó wálẹ̀, ó sùn,
bí ìgbà tí fèrè dún ní wọ́ọ̀fù
tí gbogbo alábàárù sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Dókítà ní kì í ṣe iyọ̀ nìkan.
Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ọ̀pọ̀lọ́ a máa tọ́jú yúríà,
ìdọ̀tí tí àwa ń tọ̀ dànù,
kí omi ara rẹ̀ má baà sá lọ.
Ẹja ekurá eléyín bí ayùn pàápàá,
yúríà ló fi ń bá òkun jà kó má baà fà á gbẹ.
Ìdí rèé tí ẹran rẹ̀ fi ń rùn bí ilé ìtọ̀.
Mo ti jẹ ẹ́ rí. Mi ò mọ̀ pé ọgbọ́n ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń bọ́ aṣọ funfun mi,
mo gba kọ́rídọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀.
Gàníyù jókòó, ọ̀pá rọ́bà méjì lápá rẹ̀.
Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti sọ ẹrù kalẹ̀.
Awọ kan wà nínú ẹ̀rọ yẹn náà,
ilé iṣẹ́ ló ṣe é;
kì í jẹun, kì í gbé nǹkan kan,
ó kàn ń ṣílẹ̀kùn ni. Yúríà a yọ́ jáde
láti ibi tó ti pọ̀ lọ síbi tí kò sí,
bí èrò mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun.
Wákàtí mẹ́rin. Owó wákàtí mẹ́rin ọ̀hún,
àpò iyọ̀ mélòó ni?

“Kí lẹ fi ọ̀pọ̀lọ́ ṣe lónìí?”
Mo ní awọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí di aago mẹ́ta.
“Lẹ́yìn tó ti kú?”
Bẹ́ẹ̀ ni.
Ó wo èjìká rẹ̀, ó wò ó pẹ́.
“Ta wá ló ń sanwó fún un?”

Òjò ń ṣú bọ̀ láti apá Muṣin.
Wọn yóò ké lálẹ́ yìí.
Bàtà mi kan ti lu.