Odó Kan, Ọmọ Odó Méjì

Ọyẹ́ ti gun òkè Ẹ̀fọ̀n láti ọ̀sẹ̀ méjì,
ó ń la ètè wa bí ẹni ń la obì,
aṣọ tí a sá lálẹ́ a gan bí pákó lówùúrọ̀.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá rèé,
owó oṣù wa ṣì wà lọ́nà.
Ọ̀nà wo? A ò mọ̀.
Bóyá ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ láti Ìbàdàn.

Mẹ́rin ni wá nínú ilé míṣọ̀n yìí:
èmi, tí mo fi Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta;
Ìbídùn ọmọ Ìlàjẹ,
tí kò rí odò tó lè gbé ọkọ̀ láti ìgbà tó ti débí,
tó ń fi imú wá òórùn òkun nínú ọyẹ́;
Tàsóò ará Tífì, tó lérí pé iyán baba òun
ló bí iyán Èkìtì;
àti Bùrọ̀dá Ọbájémú, àgbà wa,
tó máa ń sùn lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà, tí a kì í jí.

A kì í ṣe áńgẹ́lì.
Ẹ má jẹ́ kí fọ́tò inú kàlẹ́ńdà tàn yín.
Korobá omi kan ló dá ìjà sílẹ̀:
Ìbídùn sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí ìsun, ó pọn ọ́n gòkè,
Tàsóò fi fọ bàtà.
Bàtà!
Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, wọn ò kí ara wọn.
Bí a bá ń gbàdúrà,
àmín ẹnìkan á ti ẹ̀gbẹ́ ògiri wá,
àmín ẹnìkejì á ti ẹnu ọ̀nà wá,
wọn kì í pàdé.

Lọ́sàn-án, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.
Ọmọdébìnrin kan, kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ,
iṣu mẹ́ta lórí òṣùká:
"Ìyá àgbà ní kí n gbé uṣu wá.
Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ẹ ò lọ ulé."
Ìyá àgbà Fámorótì!
Ẹni tí a ti gbé Bíbélì lọ bá nígbà méje,
tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń fún wa lómi mu,
tí kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì rí.

Iṣu dé, a ò ní odó.
A yá odó nílé alágbẹ̀dẹ, ọmọ odó méjì tẹ̀lé e.
Bùrọ̀dá ní ẹ̀yìn ń dun òun.
Èmi wà nídìí ọbẹ̀, ọwọ́ mi ti kan epo.
Ó ku àwọn méjì.
Wọ́n wo iṣu. Wọn ò wo ara wọn.
Iṣu kì í sì í dúró de ẹni tó ń bínú,
bó bá ti tutù, ó di kókó.

Tàsóò kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ kalẹ̀: gbì.
Ìbídùn náà: gbì.
Bí ọmọ odó méjì bá wọ odó kan,
o ní láti mọ ìgbà tí ọwọ́ ẹnìkejì ń lọ sókè,
o ní láti gbọ́ èémí rẹ̀,
bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi á kọlu igi.
"Rọra," ni Ìbídùn wí.
Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta.
"Bu omi sí i," ni Tàsóò fèsì.
Omi!
Gbogbo wa dákẹ́ ná,
kí Ìbídùn tó bú sẹ́rìn-ín,
tí ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lálẹ́, a tan fìtílà, a ka ìtàn ibùjẹ ẹran,
a jókòó ti iyán. Ọmọ náà kò tíì lọ.
Ife Màmá Adéṣuyì, tí a sin ní oṣù Kẹrin,
ife tó ṣì so lórí ìṣó, tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn,
òun ni Bùrọ̀dá mú, ó fi bu omi fún un.
Kò sọ nǹkan kan. Àwa náà ò sọ nǹkan kan.
Ọmọ náà mu ún tán, ó nu ẹnu,
ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan:
"Ṣé ẹ ò ní ìyá ni,
tí ẹ fi wà níbí lọ́dún Kérésìmesì?"

Ọyẹ́ ń súfèé lábẹ́ ilẹ̀kùn.
Tàsóò wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti bó.
Èmi rántí òórùn ìkọ́kọrẹ́.
Ìbídùn nìkan ló rí èsì fọ̀:
ó yọ eegun kúrò lára ẹja gbígbẹ
tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti etí òkun,
ó gbé e sórí iyán ọmọ náà.
"Jẹun," ó ní. "Bá wa jẹun."