Àgbá Kẹta

Settimio ní ká tètè gbéra kí oòrùn tó gba ọ̀nà mọ́ wa lọ́wọ́.
Ọkọ̀ rẹ̀ ń wúkọ́ bí àgbàlagbà tó ti fi sìgá gbọ́ọ̀rọ̀ ṣe oúnjẹ àárọ̀.
Èrò márùn-ún ni wá: tọkọtaya kan láti Tòrínò tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀,
ọmọkùnrin kan tó ń fún gbogbo òkè lórúkọ bíi pé òun ló bí wọn,
ìyá rẹ̀ tó ń tòògbé,
àti èmi.

Ọ̀nà náà lọ́, ó tún lọ́,
bí irọ́ tí ẹni tó ń pa á ò mọ ibi tí yóò parí rẹ̀ sí.
Nígbà tó yá, Roccaspina yọ lórí àpáta,
òkúta lórí òkúta, ilé di ilé lápá mú
kí ọ̀kan wọn má baà já bọ́.
"Ẹ̀rù ló kọ́ ìlú yìí," Settimio wí.
"Ní ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, ogun ló ni pẹ̀tẹ́lẹ̀.
Ẹni tó bá fẹ́ sùn, á kọ́kọ́ gun òkè."
Ogun ti lọ. Àwọn ọmọ náà ti lọ.
Ènìyàn mọ́kànlélógún ló kù;
ológbò wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ihò kan wà lókè ẹnubodè,
níbi tí wọ́n ti ń da epo gbígbóná lé ọ̀tá lórí.
Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti sọ ọ́ dilé.
Lábẹ́ rẹ̀, Baba Oreste ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́ tánńganran.
Ọmọkùnrin náà bi í pé, "Baba, ṣé ogun ṣì lè dé ibí?"
Baba wo ìsàlẹ̀ títí.
"Kó kúkú dé," ó ní, "á jẹ́ pé ẹnì kan ṣì rántí wa."

Ìlú kejì, mi ò rántí orúkọ rẹ̀.
Orúnkún ń dùn mí. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá,
kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

Lọ́sàn-án, a sọ̀ kalẹ̀ sí oko àjàrà Nazzarena.
Yìnyín ti na ìdajì rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá;
ewé fà ya bíi lẹ́tà tí ẹnì kan ò fẹ́ kí a kà.
Kò sọ̀rọ̀ yìnyín. Ó fi etí aṣọ nu ife,
ó kó wa wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀,
sínú òtútù, sínú òórùn igi àti èso tó ti gbàgbé oòrùn.
Ó bu ti àgbá kìíní: ará Tòrínò béèrè iye.
Ó bu ti ìkejì: Settimio fọwọ́ bo ife, ó ní ọ̀nà ṣì ń lọ́.
Ìkẹta kéré. Ó fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń rẹ ọmọ.
"Ọdún tí Duilio mi lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì la fún eléyìí.
Ó ní òun á dé kó tó kan."
Ó dákẹ́.
"Ó ti kan.
Ẹ tọ́ ọ wò. Kò sí ọtí kíkan tó dáa tó o lórí òkè wọ̀nyí."

Tọkọtaya náà tọ́ ọ wò, ojú wọn fún pọ̀,
wọ́n wo ara wọn,
ẹ̀rín bú jáde: ohùn àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀.

Nígbà tí à ń padà, ilẹ̀ ti ṣú.
Ìgò kékeré kan wà láàárín ẹsẹ̀ mi, ó ń mì, kò dà.
Ọmọkùnrin náà ń ka fèrèsé tó ní iná lókè lọ́hùn-ún:
mẹ́fà, méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án.
Ọ̀kan kú kó tó pa ẹnu dé.
"Oreste nìyẹn," Settimio wí. "Aago mẹ́jọ ti lù."