Ìka Káfíńtà

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi la pákó ní Ùsì.
Bí àfàrà bá dùbúlẹ̀ níwájú mi, tó ń dán, tó ń rẹ́rìn-ín,
n ó fi ìka kàn án wò, kó, kó,
n ó ti gbọ́ ibi tí ikán kọ́lé sí nínú rẹ̀.
N kò ra igi tó ṣófo rí.

Ta ni yóò wá fi ìka kan èmi náà wò?

Lóru, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ń dìde.
Tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, ògiri lọ́wọ́ kejì.
Ajá Jẹ́gẹ́dẹ́ ti mọ ẹsẹ̀ mi, kì í gbó mọ́.
Mo dúró ní ẹ̀yìnkùlé bí onígbèsè níwájú olówó:
ó kán tó, ó dúró, ó kán tó,
bí ẹ̀rọ omi ìjọba nínú ẹ̀ẹ̀rùn.
Mo ní ọjọ́ ogbó ni.
Mo mu egbò, mo mu ohun tí ọmọkùnrin kan
ń fi gbohùngbohùn polówó ní Ìfàkì.
Ẹ̀bùnolú kò sọ nǹkan kan.
Ó kàn ń ka iye ìgbà tí ilẹ̀kùn ń han ni.

Ọjọ́ tí a sin Fátúnlà ọ̀rẹ́ mi
(ẹ̀yìn ríro la sọ fún ayé pé ó pa á),
ìyàwó rẹ̀ fà mí sẹ́yìn ìgànná:
"Jẹjẹrẹ ni. Ó mọ̀. Ojú ló ń tì í."

Ọjọ́ Ajé, ọ̀kadà gbé mi dé Ìdó.
Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà Ọmọ́níyì, ọmọ tí mo lè bí,
wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà: "Bàbá, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ ká orúnkún."
Èmi tí mo bí mẹ́fà!
Mo kọjú sí ògiri, mo ń wo férémù fèrèsé:
ìṣó méjì ló yẹ ibẹ̀, ẹyọ kan ni wọ́n kàn.
Ìka rẹ̀ yí. Ó dúró.
Mo mọ ìdúró yẹn.
Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń dúró lórí igi.

Abẹ́rẹ́ méjìlá ni wọ́n fi bù mí wò.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èsì fi rìn.
Ó ní kókó kékeré abẹ́ àpò ìtọ̀, púrósítéètì, ibẹ̀ ló wà.
Mo bi í pé, "Ṣé ó ti dé òpó?"
Ó ní, "Rárá, bàbá. Kò tíì dé eegun."

Mo ta ẹ̀rọ ìfági mi.
Iná àìfojúrí ní Ìbàdàn, ogójì ọjọ́ ó dín méjì, owó ń jẹ owó.
Mo ta ògànwó tí mo fi pamọ́ fún pósí ara mi.
Ẹ̀bùnolú rẹ́rìn-ín èyí títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta mú ooru wá.
Nínú ọyẹ́, tí kùrukùru bo òkè, mo bọ́ ẹ̀wù, mo ń làágùn.
Ó gbé abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ mi:
"Káàbọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wà nínú iná yìí,
ìwọ ń hanrun."

Ohun tí mo fi ń pe ara mi lọ́kùnrin lórí ẹní, ó lọ.
N kò ní purọ́. Oṣù kan gbáko ni mo fi kẹ̀yìn sí i.
Ó na ọwọ́, ó gbé e lé àárín ẹ̀yìn mi,
ó fi í síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ọwọ́ náà kò bèèrè nǹkan kan.

Iye inú ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀.
Dókítà kò sọ pé ó ti tán; ó ní ká máa ṣọ́ ọ.
Kò sẹ́ni tó ń búra fún igi pé ikán kò ní padà.
Mo ti pe àbúrò mi ní Ọ̀tùn pé kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò.
Ó ní ojú ń ti òun.
Mo ní ojú ti Fátúnlà náà.

Lóru àná, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo jáde.
Ajá Jẹ́gẹ́dẹ́ fò dìde, ó gbó mọ́ mi kíkankíkan.
Ó ti gbàgbé ẹsẹ̀ mi.