Ìka Méjì

Ní Naryn, kí n tó mọ̀ pé ìjà ní orúkọ,
àgùntàn ni mo kọ́kọ́ gbé ṣánlẹ̀.
Bàbá mi ń rẹ́ irun wọn, èmi ni mo ń di ẹsẹ̀ wọn mú.
Ó ní, "Begimai, má fipá mú un.
Fara tì í títí yóò fi gbà pé ilẹ̀ ni ibùsùn òun."
Ohun tí mo mọ̀ ní jú-jítsù nìyẹn.
Ìyókù, bẹ́líìtì ni.

Wọ́n kó wa lọ sí ìlú etí òkun kan
tí oòrùn ibẹ̀ ń pọ́n bí irin inú iná.
Ó lé ní ogójì orílẹ̀-èdè, gbogbo wọn pẹ̀lú àsíá àti bàtà tuntun.
Àwọn òmùwẹ̀ ga bí òpó,
àwọn tí ń gbé irin ń jẹ ẹyin mẹ́wàá láàárọ̀;
àwa tí à ń jà nílẹ̀ kò ju méje lọ nínú bọ́ọ̀sì wa,
etí wa rún bí ewé tí ewúrẹ́ jẹ kù.
Obìnrin kan tí ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì bi mí:
"Ṣé júdò ni tiyín ni, àbí kàrátè?"
Mo ní kì í ṣe ọ̀kankan.
Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú."

Lóru tí ìwọ̀n ku ọ̀la, mo tutọ́ sínú ike
títí ọ̀fun mi fi gbẹ bí awọ.
Wàrà ẹṣin tí ìyá mi dì sẹ́rù mi,
kóòṣì Tologon gbé e pamọ́ fún mi bí ẹni gbé ọ̀bẹ kúrò lọ́wọ́ ọmọdé.
Ó ku ọgọ́rin gíráàmù.
Mo gé irun mi.
Irun tí ìyá àgbà ń dì fún mi láti kékeré
wà nínú agbọ̀n ìdọ̀tí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo ọsàn.

Mẹ́dàlì idẹ la ń lé. Ìṣẹ́jú mẹ́fà.
Èmi di bẹ́líìtì pupa, Hessa di búlúù.
Ọmọ onílé ni; orúkọ rẹ̀ ń já bọ́ láti òkè gbọ̀ngàn bí òjò.
Ó yí mi dànù, ó gba àmì méjì.
Mo wà lábẹ́, mo ń mí bí ẹran tí wọ́n so.
Ìgbà náà ni apá rẹ̀ ṣìnà wọ àárín itan mi.
Mo dì í. Mo na ìbàdí.
Ìgúnpá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́
tí egungun máa ń sọ kó tó pariwo.
Ìka méjì wá kàn mí lábẹ́ itan:
pẹ́, pẹ́.

Mo tú u sílẹ̀.

Rẹfirí wà lódìkejì. Kò rí nǹkan kan.
Ó fọwọ́ júwe: ẹ máa bá a lọ.
Mo wo ojú Hessa. Hessa wo ilẹ̀.
Lẹ́yìn náà ó gùn mí, ó sì jókòó síbẹ̀
títí aago fi ké.

"Ta ló ní kó o tú u?" Tologon ń bi mí,
ó ń bi mí, aṣọ ìnura ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo ní, "Ìka méjì."
Wọ́n yí fídíò náà padà lẹ́ẹ̀mẹta.
Itan mi nìkan la rí, àti aṣọ funfun tó ká jọ.

Láàárọ̀, nílé oúnjẹ, ó wá jókòó níwájú mi,
apá rẹ̀ so mọ́ ọrùn, kò sí mẹ́dàlì níbẹ̀.
N kò gbọ́ Lárúbáwá, kò gbọ́ èdè wa.
Ó ti àwo dàbínù sọ́dọ̀ mi.
Ó gbé ọwọ́ kejì sórí tábìlì,
ó fi ìka méjì kàn án: pẹ́, pẹ́.
Inú ṣì ń bí mi. Mo mú dàbínù kan, mo jẹ ẹ́.
Ó dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Irun mi ti ń hù padà.
A tún ń rẹ́ irun àgùntàn níhìn-ín, yìnyín ti yọ́.
Wọn kò mọ bí a ti ń fọwọ́ lu ilẹ̀.
Èmi ló yẹ kí n máa mọ̀ fún wọn.