Ọjọ́ Tí Kò Tíì Dé

Òjò Chiloé kì í dá, ó kàn máa ń sinmi díẹ̀ ni,
bí arúgbó tó dúró mí lágbedeméjì òkè.
Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ìsọdá, àpò irinṣẹ́ léjìká.
Eduvina ti dúró lẹ́nu ọ̀nà àbà,
kò tiẹ̀ kí mi tán tó fi sọ pé:
“Ó tún ti kọ̀.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko!
Ọkọ̀ mẹ́fà wà ní èbúté, koríko òkun kún inú wọn,
omi ń ro tótó lára àpò,
kò sì sí bí a ṣe lè wọ̀n ọ́n,
torí kọ̀ǹpútà òṣùwọ̀n jí, ó wo ara rẹ̀, ó ní ara òun kò pé.
Lójú dígí dúdú, lẹ́tà funfun:
àyẹ̀wò kùnà. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tún un ṣe.

Mo tẹ lẹ́tà mẹ́rin, fsck.
Ó bi mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó tún bi mí, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni,
bí ìyàwó tuntun níwájú ìyá ọkọ.
Ó dìde.
Mo pa á, mo tún tàn án.
Kò dìde mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo tó wá ka ohun tó kọ.
Dísìkì ní: ọjọ́ iwájú ni wọ́n lò mí kẹ́yìn.
Ọjọ́ iwájú kẹ̀? Àná ni!
Mo bi aago inú ẹ̀rọ pé òní jẹ́ ọjọ́ wo.
Aago ní: ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2003.

Nolberto wọlé, àpò koríko kan lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó fẹsẹ̀ kó létí òkun.
Ó wo dígí.
“Ọdún yẹn, ọkọ̀ mi ṣì wà.”
Ẹnikẹ́ni ò fèsì.
Eduvina rọra sún igbá maté sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àṣé ẹlẹ́rìí òdodo ni mo ń nà láti àárọ̀,
tí opùrọ́ jókòó tì í, tó ń wò mí.
Bátìrì kékeré kan, tó tó bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù,
òun ló ń bá ẹ̀rọ ka ọjọ́ nígbà tí iná kò sí.
Ó ti kú.
Ní alaalẹ́ sì rèé, Eduvina a yọ okùn iná,
torí mànàmáná, torí ilé pákó,
torí bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

N kò ní bátìrì lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù Achao, ó di aago mẹ́wàá.
Nolberto ti àpò bọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ọmọ rẹ̀ jáde,
ó fi èékánná la ìdí rẹ̀,
bátìrì já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.
“Mọ́tò yẹn, a lè fi ọwọ́ ṣí i.”

Mo tún ọjọ́ ṣe. Mo tún àyẹ̀wò ṣe, ìbéèrè kan péré.
Àpò Nolberto la kọ́kọ́ wọ̀n:
kílò mọ́kànlélógójì.
Ó gba rìsíìtì, ó wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ́ títí,
ó ká a, ó fi í sínú fìlà.